Òwú Pupa Lára Òṣùwọ̀n Èkùrọ́

Ẹ má bi mí léèrè bóyá Wàhábì àbúrò mi mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn. Ẹ lọ bi àwọn tó kàn án fún, bí ẹ bá rí èyí tí eyín rẹ̀ pé lẹ́nu nínú wọn. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ sọ, torí òṣùwọ̀n ló fẹ́rẹ̀ẹ́ na Wàhábì kó tó dé ojú ìjà rárá. Àwọn ọmọ ìwòyí ní Ọ̀jọ́ ṣì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Wọ́n á ní a gọ̀. Òótọ́ ni, a gọ̀ díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, èmi sì ni mo mọ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ́yẹlé lorúkọ mi. Ẹja ni mò ń yan létí omi Ọ̀jọ́, kí èéfín tó fi ojú mi ṣe bó ṣe ṣe é yìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku ọdún mélòó kan kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìbà á gba ọ̀nà oko Ajángbádì, ẹni tó bá ń lọ sí Èkó á wọ ọkọ̀ ojú omi. Láàárọ̀ ọyẹ́, kùrukùru a máa bo ọ̀sà débi pé ohùn atukọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, ẹ ò ní rí ọkọ̀, ẹ ò ní rí èèyàn. Bí mo bá rántí ọdún yẹn báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń wá sí mi lọ́kàn. Ohùn ló ń ṣáájú.

Ohùn tó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí, inú asọ̀rọ̀mágbèsì Bùọ̀dá Ọláìtán ló ti jáde. Télọ̀ ni wọ́n, àwọn nìkan ni wọ́n sì ní rédíò oníbátìrì ládùúgbò wa. Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń rọ̀ sínú ọ̀sà, a ó kóra jọ sí ìsọ̀ wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wa pé ká má fọwọ́ ẹja kan aṣọ oníbàárà. Èmi ni wọ́n ń bá wí, wọ́n kàn ń fi gbogbo wa bò ó ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí etí rédíò títí ohùn á fi là. Ìròyìn ẹ̀ṣẹ́ la máa ń dúró dè. Ta ló na ta ní Lọ́ńdọ̀nù, ta ni yóò bá ta jà lóṣù tó ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ta ló gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ta. A ò mọ ọ̀kankan nínú wọn rí, síbẹ̀ a máa ń bá wọn bínú. Mo ti rí àgbàlagbà méjì tí wọn ò kí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí òyìnbó tí wọ́n lù ṣubú ní ìlú tí wọn ò lè pe orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí rédíò dárúkọ Wàhábì, gbogbo wa sún mọ́ ọn. Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ní Wàhábì ọmọ Ọ̀jọ́ àti ọmọkùnrin kan láti Sápẹ́lẹ̀ yóò jà fún oyè gbogbo Nàìjíríà l'Ékòó, ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ó ní òyìnbó kan ti wọ̀lú tó ń wá akànṣẹ́, pé ẹni tó bá gba oyè náà ni yóò wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lífápùù nílùú òyìnbó láti lọ máa jà níbẹ̀. Ó wá ní láàárọ̀ ọjọ́ ìjà, wọ́n á gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwa ò bá a bọ́ síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú wa wò ó. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo la mọ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n Ọlálékan, akọ̀wé tó ń bá kọ́ńpìnnì ra èkùrọ́ létí omi. Àpò tó bá wúwo ni Ọlálékan ń rẹ́rìn-ín sí. Èyí tó bá fúyẹ́, á fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó gbé e wá á sì dorí kodò padà sílé. Ta wá ni yóò gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé ọmọ Ọ̀jọ́ àti ọmọ Sápẹ́lẹ̀ sórí òṣùwọ̀n níwájú òyìnbó, tí kò ní mọ ohun tó kàn? Bàbá Sùnmọ́nù, tí wọ́n ń tukọ̀ lọ sí Èkó, ló kọ́kọ́ dìde.

“Ọmọ wa ò gbọdọ̀ fúyẹ́ o,” ni wọ́n wí.

Gbogbo ìsọ̀ dáhùn pé kò gbọdọ̀ fúyẹ́.

Wàhábì fúnra rẹ̀ dé lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ l'Ékòó ló ní kó wá sinmi nílé, kó máa sáré nínú afẹ́fẹ́ tó dára títí ọjọ́ ìjà yóò fi kù dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá náà ò mọ irú ilé tí òun rán an lọ. Bí ọmọ bá ti ibi jíjìn dé ní Ọ̀jọ́ wa, ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé abọ́ wá kí i, kò sì gbọdọ̀ dá abọ́ padà láìjẹ. Bó bá dá a padà, ó túmọ̀ sí pé ó rò pé wọ́n fi nǹkan sí i, ọ̀rọ̀ náà á sì di ti ìdílé méjì. Àwọn abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ̀kọ àti ìmóyò dé. Ègbo àti ẹ̀wà dé. Fùfú dé, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo bò mọ́lẹ̀. Ẹ ó ní kí ló dé tí kò sọ fún wọn. Ó sọ. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó gbé abọ́ wá pé òun ò gbọdọ̀ sanra. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò kúkú sí àlejò tó mẹ̀tọ́ tí kì í kọ́kọ́ sọ pé òun ti yó.

Ìyá wa, Abọ́sẹ̀dé, ń dáná tiwọn lọ́tọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìyá wa, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀. Abọ́ láàárọ̀, abọ́ lọ́sàn-án, abọ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n á jókòó ti Wàhábì, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹun.

“Màámi, ó tó,” Wàhábì á wí. “Akànṣẹ́ kì í jẹun báyìí.”

“Oúnjẹ ta lo jẹ dàgbà?”

“Tiyín ni, mà.”

“Máa jẹ ẹ́ nígbà náà.”

Á sì jẹ ẹ́. Ọmọ tó ti lu àwọn ọkùnrin bí àgbá epo ṣubú, kò lè bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jiyàn.

Eré sísá ló gbójú lé. Ní àárọ̀ kùtù, á wọ inú kùrukùru lọ, á gba Ajángbádì dé Ìbà, á ti Ìbà dé Òkòkòmaikò, á yí padà. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ títí á fi rọlẹ̀, tí n kò ní mọ̀ mọ́ bóyá mo ṣì ń gbọ́ ọ tàbí mò ń rò ó ni. Gbogbo nǹkan ìgbà náà rí bẹ́ẹ̀ sí mi. Igi ń yọ nínú funfun, wọ́n tún ń wọlé padà, àbúrò mi náà ń yọ, ó ń wọlé. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé oko. Àwọn obìnrin Ìbà ń dúró dè é lójú ọ̀nà pẹ̀lú iṣu sísun. Àwọn ti Òkòkòmaikò se mọ́ínmọ́ín, wọ́n ní ìbátan ìyá rẹ̀ làwọn. Ó bá mi létí omi lọ́jọ́ kan, òógùn bò ó, ewé mọ́ínmọ́ín wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí, “eré ni mo sá jáde, oúnjẹ ni mo jẹ wọlé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, ó ti jọ bàbá wa. Àtàndá ni bàbá wa. Nígbà ogun Hítílà ni wọ́n bá àwọn sójà wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Bọ́mà. Ilé kéú ni Wàhábì ṣì ń lọ nígbà yẹn, èmi sì ti tó gbé agbọ̀n ẹja. Wọn ò padà wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìjà, Wàhábì ní kí Ọlálékan gbé òun sórí òṣùwọ̀n kí òun mọ ibi tí òun dé. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe délé délé, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé àpò èkùrọ́ kúrò lórí pẹpẹ òṣùwọ̀n, èrò ti kún etí omi. Wàhábì sọ ìwọ̀n tí àwọn alákòóso ìjà ní òun ò gbọdọ̀ kọjá. Ọlálékan sún òkúta irin débẹ̀ lára ọwọ́ òṣùwọ̀n, ó so òwú pupa mọ́ ibẹ̀ kó má baà yẹ̀. Àbúrò mi bọ́ bàtà, ó gun orí pẹpẹ. Ọwọ́ irin ta sókè, ó kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

A pàtẹ́wọ́. Bàbá Sùnmọ́nù ṣí fìlà, wọ́n ní ká ránṣẹ́ sí ọmọ Sápẹ́lẹ̀ pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Obìnrin kan ti ń jó. Wàhábì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lórí pẹpẹ níbẹ̀, ó ń wo òwú pupa.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́,” ó wí. “Ẹni tó bá kọjá ibi òwú yìí, wọn ò ní jẹ́ kó jà. Wọ́n á ní kó máa lọ sílé.”

Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró.

“Ẹni tó wúwo ni wọ́n máa lé?” Bàbá Sùnmọ́nù béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Irú òṣùwọ̀n ìranù wo nìyẹn?”

“Òṣùwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ ni, bàbá. Ẹni tó bá wúwo ju ẹnì kejì lọ, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ á le jù. Wọ́n fẹ́ kí àwa méjèèjì dọ́gba ni.”

Bàbá Sùnmọ́nù dé fìlà wọn padà, wọ́n jókòó sórí àpò èkùrọ́, wọn ò rí ẹnikẹ́ni wò lójú. Gbogbo wa la ranjú sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ìgbà náà ni mo wojú ìyá wa. Wọ́n dúró lẹ́yìn èrò, wọ́n ń tún ìró wọn ró. Wọ́n ní, “Wàhábì, oúnjẹ rẹ ti ń tutù,” wọ́n yíjú, wọ́n ń lọ sílé.

Ibẹ̀ lara ti fu mí. Mo lọ bá Bùọ̀dá Ọláìtán ní ìsọ̀.

“Bùọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ rédíò lójoojúmọ́, ẹ̀yin náà ò mọ̀ pé wíwúwo ò dára?”

Wọ́n fi eyín gé òwú, wọ́n wò mí. “Ìyá rẹ ti bi mí, Ọmọ́yẹlé. Ọjọ́ kejì ìròyìn yẹn ni wọ́n wá. Wọ́n ní bí ọmọ àwọn bá wúwo jù ńkọ́? Mo ní wọ́n á dá a padà sílé ni. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹlòmíì, àwọn á fẹnu ara àwọn sọ ọ́ fún ìlú. Nígbà tí mo rí i tí abọ́ ń lọ tó ń bọ̀, mo rò pé wọ́n ti sọ, tí ìlú ò gbà wọ́n gbọ́ ni.”

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹja lórí iná. Gbogbo ọ̀nà títí dé ilé ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu. Ìyá wa wà nídìí ààrò, wọ́n ń ro ẹ̀bà.

“Màámi, ẹ mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ pé wọ́n á lé e, ẹ wá ń bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ àgbò iléyá? Ìlú ò mọ̀, a lè dárí ji ìlú. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Wọ́n sọ omorogùn kalẹ̀. “Jókòó,” wọ́n wí. “Ṣé o rántí ọdún tí a jẹ ẹran púpọ̀?”

Mo rántí. Ọmọdé wo ni yóò gbàgbé? Ní gbogbo àsìkò kan kí bàbá wa tó lọ, ẹran kì í wọ́n nínú ọbẹ̀ wa. Wọ́n á kó èyí tó tóbi fún bàbá wa, àwa náà á rí eegun mu.

“Bàbá yín fẹ́ ṣe sójà,” ìyá wa wí. “Òyìnbó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n l'Ékòó, ó ní wọ́n fúyẹ́ jù, kí wọ́n padà sídìí àwọ̀n wọn. Wọ́n padà wálé, ojú ń tì wọ́n, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Àánú wọn ṣe mí. Mo ta ìlẹ̀kẹ̀ mi, mo fi ń ra ẹran. Mo ń bọ́ wọn láàárọ̀, mo ń bọ́ wọn nírọ̀lẹ́, mo ń jókòó tì wọ́n wo ẹnu wọn. Nígbà tí wọ́n padà lọ, òṣùwọ̀n gbà wọ́n. Ọmọ́yẹlé, mo jó lọ́jọ́ náà. Mo jó kiri agbolé.”

Wọ́n gbé ọwọ́ wọn méjèèjì sí iwájú mi. Ẹ̀bà ṣì wà lára rẹ̀.

“Ọwọ́ yìí ló bọ́ wọn títí wọ́n fi wúwo tó ẹni tí ọkọ̀ lè gbé lọ. Mo ti fi oúnjẹ rán ọkọ mi lọ. Jẹ́ kí n fi oúnjẹ dá ọmọ mi dúró.”

Ẹkún ló gbọ̀n mí. Àánú wọn ṣe mí, inú wọn sì ń bí mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ èwo ni kí n tẹ̀ lé. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti sọ fún Wàhábì. Wọ́n ní rárá. Mo ní bí wọn ò bá ní sọ ọ́, èmi náà ò ní sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n rò ó dáadáa, torí ọmọ yẹn ò tíì mọ ẹni tó ń bá òun jà.

Mo bá Wàhábì létí omi, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó ń wo ọ̀ọ́kán.

“Ẹ̀gbọ́n mi, láti kékeré ni mo ti máa ń rí ọkọ̀ ńlá kan lójú oorun,” ó wí. “Ọkọ̀ funfun ni, kì í dún. Mo máa ń rí i pé mo wọ̀ ọ́, bàbá wà nínú rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Ojú oorun ni kò mọ̀. Bí wọ́n bá dá mi padà lórí òṣùwọ̀n, ọmọ mìíràn ni wọ́n á mú. Wọn kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì.”

“L'Ékòó, kí lẹ máa ń ṣe bí ẹ bá wúwo jù?”

“A máa ń da aṣọ bo ara, ká làágùn. Bí ara bá làágùn, ó ń fúyẹ́.”

Mo wo ahéré tí mo ti ń yan ẹja, níbi tí èéfín ti ń gba orí òrùlé jáde. Ẹja tútù tó bá wọ ibẹ̀, agbára káká ni yóò fi jáde pẹ̀lú ìdajì ìwúwo rẹ̀. Ta ló tún fẹ́ kọ́ mi ní ìyẹn?

Ní Jímọ̀, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, mo tì í wọlé. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo ní kó jókòó sílẹ̀ níbi tí èéfín kò pọ̀ sí, mo fi èèpo àgbọn dá iná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹja tò lọ sókè orí rẹ̀. N kò gbà kó mu omi ju èyí tó fi rin ẹnu lọ. Bó bá pẹ́ díẹ̀, mo ń ṣí ilẹ̀kùn kó fa afẹ́fẹ́ símú, màá tún tì í. Nínú èéfín yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ó ní àwọn ẹja ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ní òun ń gbọ́ ìbú omi lábẹ́ ilẹ̀. Mo ní kó dákẹ́, ẹja tí mò ń yan kì í bá mi sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ooru gbà mí lára, ojú mi ń kún, kùrukùru wà níta, èéfín wà nínú, ó wá dà bíi pé ahéré náà ti já kúrò létí omi, ó ń gbé àwa méjèèjì lọ jẹ́jẹ́.

Lọ́sàn-án, a lọ sórí òṣùwọ̀n Ọlálékan. Ọwọ́ irin ta sókè, ṣùgbọ́n kò ta bíi ti àná. A padà. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, èèpo àgbọn mi ti tán, apá mi ti kú, iná ti ń rẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá wa bá wa. Abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi abọ́ mìíràn dé e lórí.

“Wàhábì.”

“Mà,” ó dáhùn nínú èéfín.

Wọn ò wọlé. Wọ́n dúró lẹ́yìn ògiri ọ̀pá náà, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti bàbá wa, ti ẹran, ti òṣùwọ̀n, ti bí wọ́n ṣe mọ̀ tí wọ́n ń bọ́ ọ. Wọn ò fi ọ̀kan bò. N kò mọ̀ bóyá ó ń sunkún. Èmi ń sunkún, mo sì ń fi èéfín ṣe àwáwí.

“Màámi,” ó wí nígbẹ̀yìn, “bí ẹ bá ní kí n jáde wá jẹun, màá jáde. N kò ní bínú sí yín títí láé.”

Ìyá wa dúró. Lékeléke ń kọjá lójú ọ̀run, wọ́n ń lọ sùn níhà Ìbà. Màámi wò wọ́n títí àwọn ẹyẹ náà fi lọ tán. Mo ń wo abọ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ kan ló kù, “jáde,” kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí wọ́n bá sì sọ ọ́, ọmọ á wà lọ́dọ̀ wọn títí ayé. Mo rí i tí ẹnu wọn mì.

Wọ́n gbé abọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n lọ sẹ́yìn ahéré aládùúgbò, wọ́n ṣa èèpo àgbọn mọ́ àyà wọn wá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kó o sínú iná. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fẹ́ ẹ títí ó fi gbà.

“Fi aṣọ bojú,” wọ́n sọ fún un. “Èéfín ń bọ̀.”

Wọn ò dìde nídìí iná náà títí a fi mú un jáde. Mo gbé oúnjẹ inú abọ́ yẹn fún wọn, wọ́n ní ebi ò pa àwọn.

Àárọ̀ Sátidé, Bàbá Sùnmọ́nù fi ọkọ̀ wọn gbé wa lọ sí Èkó, wọ́n ní àwọn ò gba owó, ká ṣáà má rán àwọn létí ọ̀rọ̀ fìlà. Níwájú àwọn alákòóso ìjà, Wàhábì gun òṣùwọ̀n. Ọwọ́ irin náà mì, ó mì, ó dúró. Òyìnbó tó ń wò ó fa òórùn símú, ó wẹ̀yìn, ó ń wá ibi tí ẹja wà. Wọ́n kọ orúkọ àbúrò mi sílẹ̀. Mo wá fún un ní ẹ̀kọ tí ìyá wa dì fún un, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Ìjà yẹn, ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin tí ẹ ti dáyé nígbà náà. Ọmọ Sápẹ́lẹ̀ gbìyànjú, Wàhábì ló gba oyè. Nígbà tó di ọjọ́ tí yóò wọ ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wa létí omi nínú kùrukùru. Wọn ò ṣe àdúrà gígùn. Wọ́n ní, “Lọ, kí o padà wá jẹun.” Ọkọ̀ Bàbá Sùnmọ́nù wọ inú funfun lọ. A ń gbọ́ àjẹ̀ wọn nínú omi, nígbà tó yá, a ò gbọ́ ọ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa, tí wọn kì í yà sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni, ti ń lọ jókòó sí ti Bùọ̀dá Ọláìtán nírọ̀lẹ́. Bùọ̀dá fún wọn ní àga tiwọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí rédíò tó dárúkọ Wàhábì. Ó ní ní ọjọ́ kejì, yóò jà fún oyè ńlá kan ní Lífápùù, pé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n máa gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Lọ́sàn-án, mo tún gbé òmíràn wá. Mo bá wọn ní ìsọ̀, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, rédíò ò tíì dún.

“Ara yín ò yá ni?”

“Ara mi yá.”

“Kí ló dé tí ẹ ò jẹun?”

“Wọn ò tíì wọn ọmọ mi.”

Mo sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ mí, mo sọ̀rọ̀ gan-an. Mo ní òkun wà láàárín àwọn àti òṣùwọ̀n náà, mo ní ebi tiwọn ò lè mú ẹran ara tirẹ̀ fúyẹ́, mo ní bóyá kí n lọ dá iná sí ahéré mi kí àwọn náà wọ inú rẹ̀. Bùọ̀dá Ọláìtán ń sáré tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kí wọ́n má baà gbọ́ mi. Ó rẹ̀ mí, mo jókòó tì wọ́n. Ebi ń pa mí, èmi náà ò tíì jẹun, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ ẹ́ lójú wọn. Abọ́ náà wà nílẹ̀ láàárín wa, oòrùn ń rọ̀ sínú ọ̀sà bó ṣe máa ń rọ̀, n kò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Ohùn rédíò ló jí mi. Ó ní òṣùwọ̀n ti gba Wàhábì, pé ìjà ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Èrò ti kún ìsọ̀, gbogbo wọn ń jiyàn lórí ẹni tí yóò borí. Ìyá wa bu omi ṣan ọwọ́, wọ́n ṣí abọ́, wọ́n fà á sí àárín àwa méjèèjì.

“Ó yá, bù ú,” wọ́n wí. “Òun náà ti jẹun.”